FSH ga nínú èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀: ṣé ọbẹ̀ ilasa Igbó-Ọrà ló fà á?

Obìnrin kan láti Èrúwà tó máa ń ka ìròyìn wa fi fọ́tò èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ẹni ọdún 38 ni. Ó bí ọmọ kan ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, látìgbà náà kò tíì lóyún mìíràn. Lórí ìwé yẹn, wọ́n kọ FSH, wọ́n kọ 17, wọ́n sì fi lẹ́tà H sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìyẹn ni pé ó ga. "Ẹ̀gbọ́n, inú ìyá ọkọ mi ń dùn," ló kọ sí mi. "Wọ́n ní ilasa tí àwọn ń sè fún mi ti wọ inú ẹ̀jẹ̀, pé ìbejì ló ń bọ̀. Ṣé òótọ́ ni?"

Ìbéèrè náà kò yà mí lẹ́nu. Ta ló wà ní Ìbàràpá tí kò mọ ìtàn yìí? Igbó-Ọrà ni wọ́n ń pè ní olú-ìlú ìbejì lágbàáyé, láti 2018 ni wọ́n sì ti ń ṣe àjọ̀dún ìbejì níbẹ̀ nínú oṣù kẹwàá. Ẹ bi ìyá ìbejì kan léèrè ohun tó fà á, àfàìmọ̀ kó má dárúkọ ọbẹ̀ ilasa, ìyẹn ewé ilá, pẹ̀lú àmàlà iṣu tàbí láfún. Àwọn kan á tún fi kún un pé ilasa náà kò gbọdọ̀ sùn, pé bí wọ́n bá ṣe sè é tán ni kí wọ́n jẹ ẹ́.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà ta kókó ni pé ìyá ọkọ yẹn kò sọ̀rọ̀ asán pátápátá. Nǹkan kan wà láàrin FSH àti ìbejì lóòótọ́, inú ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin tiwa níbí sì ni wọ́n ti rí lára ẹ̀rí rẹ̀.

Ní 1963, Yunifásítì Ìbàdàn dá iṣẹ́ ìlera ìgbèríko sílẹ̀ ní Ìbàràpá, wọ́n sì fi Igbó-Ọrà ṣe ibùjókòó rẹ̀. Dókítà P. P. S. Nylander, oníṣègùn aboyún tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ka iye ìbejì tí wọ́n ń bí. Nínú 1,000 ìbímọ ní Igbó-Ọrà láàrin àwọn ọdún 1960, bíi 45 ló jẹ́ ìbejì. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà yẹn, kò ju bíi 12 lọ. Àwọn ìbejì tó ti inú ẹyin kan ṣoṣo tó pín sí méjì wá, àwọn tó jọra bí ìmumu, iye wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ níbikíbi láyé: bíi 4 nínú 1,000 ni. Èyí tó pọ̀ lọ́dọ̀ tiwa ni ìbejì ẹyin méjì, tí obìnrin sọ ẹyin méjì sílẹ̀ lóṣù kan náà, tí méjèèjì sì di ọmọ.

Nylander wá lọ wo inú ẹ̀jẹ̀. Ní 1973, ó kọ ọ́ jáde pé FSH pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin tó ti bí ìbejì ju ti àwọn tó ń bí ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ, àti pé ti àwọn tó bí ìbejì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tún ga ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ni FSH yìí gan-an? Họ́mọ̀nù ni. Kókó kékeré kan tó wà nísàlẹ̀ ọpọlọ ló ń rán an jáde, kó lọ bá ilé ẹyin obìnrin pé kó gbọ́n ẹyin oṣù yìí dìde. Bí ìyá bá pe ọmọ láti yàrá, tí ọmọ dáhùn lẹ́ẹ̀kan, ohùn ìyá kò ní ròkè. Bí ọmọ kò bá dáhùn ńkọ́? Ìyá á pariwo. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọpọlọ ń ṣe. Nígbà tí ẹyin tó kù nínú obìnrin bá ń dínkù, tí ilé ẹyin kò tètè dáhùn mọ́, ọpọlọ á máa fi FSH púpọ̀ sí i ránṣẹ́.

Ibi tí ìṣòro wà nìyí. Lẹ́tà H kan náà lè wà lórí ìwé obìnrin méjì, kó má sọ ohun kan náà. Ti ọ̀kan lè jẹ́ ẹ̀dá rẹ̀, tí FSH rẹ̀ fi ń jí ẹyin méjì lẹ́ẹ̀kan. Ti ẹnì kejì lè jẹ́ pé ẹyin rẹ̀ ti ń lọ tán, tí ó sì yẹ kó tètè rí dókítà kí àkókò tó kọjá. Ọjọ́ orí wà nídìí ẹ̀ náà o. Obìnrin tó ti lé ní 35 a máa bí ìbejì ju ọmọ ogún ọdún lọ, torí FSH ń gòkè pẹ̀lú ọjọ́ orí, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ orí yẹn kan náà ni oyún ń ṣòroó ní fún ọ̀pọ̀. Ẹni tó bá ń ṣayẹyẹ lórí 17 láìbéèrè nǹkan kan, ọdún méjì lè bá a lọ lórí ọbẹ̀.

Ó wá ku oúnjẹ. Nylander fúnra rẹ̀ fura sí i. Ó ṣàkíyèsí pé láàrin àwọn ọlọ́rọ̀ Ìbàdàn, ìbejì kò pọ̀ tó ti àwọn mẹ̀kúnnù, bẹ́ẹ̀ Yorùbá kan náà ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ìfura yàtọ̀ sí ẹ̀rí. Àwọn kan máa ń sọ pé iṣu ní họ́mọ̀nù nínú. Òótọ́ ni pé irú iṣu igbó kan wà ní Mẹ́síkò tí wọ́n fi ṣe họ́mọ̀nù láàrin àwọn ọdún 1940, ṣùgbọ́n inú láàbù ni wọ́n ti fi kẹ́míkà yí i padà. Ikùn èèyàn kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Àti pé, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ kì í jẹ láfún ni? Àbí ta ni kì í se ilasa nílẹ̀ Yorùbá?

Ìwádìí tó jáde ní 2016 lára àwọn òyìnbó rí i pé apilẹ̀ àbùdá tí a bá bí mọ́ni, lára rẹ̀ èyí tó ń darí FSH gan-an, wà nídìí bíbí ìbejì. Ní 2006, Dókítà Gary Steinman ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ pé láàrin àwọn obìnrin tí kì í fẹnu kan ẹran, wàrà àti ẹyin adìyẹ, ìbejì kò ju bíi ìdá kan nínú márùn-ún ti àwọn yòókù lọ, wàrà ni òun sì fura sí jù. Bó bá jẹ́ oúnjẹ la fẹ́ bi léèrè, ó dà bíi pé ìyá oníwàrà ló yẹ ká kọ́kọ́ lọ bá!

Kì í ṣe pé oúnjẹ kò lè yí ẹ̀jẹ̀ padà o. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kayọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ti UCH Ìbàdàn yẹ àwọn ará agbègbè Ẹ̀pẹ́ wò láàrin àwọn ọdún 1960, àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ń kú, tí ojú wọn ń ṣú, tí ẹ̀gẹ́ sì jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn. Thiocyanate, tó máa ń wá láti ara májèlé inú ẹ̀gẹ́, pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Wọ́n dá wọn dúró sí ọsíbítù, wọ́n ń jẹ oúnjẹ mìíràn, ó wálẹ̀. Wọ́n padà sílé sídìí ẹ̀gẹ́, ó gòkè. Wọ́n ṣì ń jiyàn bóyá ẹ̀gẹ́ nìkan ló fa àìsàn náà, ṣùgbọ́n ti inú ẹ̀jẹ̀ hàn kedere. Irú ẹ̀rí yìí, kí a jẹ ẹ́ kó gòkè, kí a dá a dúró kó wálẹ̀, kò tíì sí fún ilasa àti FSH.

Ohun tó lè yí iye FSH padà gan-an, ẹ wo àwọn wọ̀nyí. Àkọ́kọ́ ni ọjọ́ tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀. Ní ọjọ́ kejì sí ìkẹrin tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀, FSH ọ̀pọ̀ obìnrin kì í ju 10 lọ. Láàrin oṣù, nígbà tí ẹyin fẹ́ jáde, ó lè fò sókè, kó sì tún wálẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì. Bí nǹkan oṣù bá ti dá pátápátá, ó sábà máa ń ju 25 lọ. Nítorí náà, 17 ní ọjọ́ kẹrìnlá lè má jẹ́ nǹkan kan. 17 ní ọjọ́ kẹta jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìwé tí arábìnrin yẹn fi ránṣẹ́ kò sì kọ ọjọ́ kankan! Oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí náà máa ń fa FSH wálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni biotin, oògùn tí wọ́n ń lò kí irun àti èékánná lè dára: kò kan FSH fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè da ẹ̀rọ láàbù rú, kí FSH hàn bí ẹni pé ó kéré. Àjọ FDA ní Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ nípa rẹ̀ ní 2017.

Mo ní kó padà lọ bá dókítà, kì í ṣe ẹni tó fa ẹ̀jẹ̀ nìkan. Kó sọ ọjọ́ tí nǹkan oṣù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àti gbogbo oògùn tó ń lò, títí kan àgbo. Kó béèrè bóyá wọ́n á tún FSH yẹn ṣe ní ọjọ́ kẹta, pẹ̀lú estradiol àti AMH, kí wọ́n sì fi scan wo ilé ẹyin. Bí FSH bá tilẹ̀ ga lóòótọ́, kò túmọ̀ sí pé oyún kò lè dúró mọ́. Ó kàn túmọ̀ sí pé kò yẹ kó fi nǹkan falẹ̀. Kí ọkọ rẹ̀ náà lọ ṣe àyẹ̀wò àtọ̀. Ìyẹn ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ kò gba ju ọjọ́ kan lọ.

Ní ti ilasa, kó máa jẹ ẹ́ lọ. Ewé tútù ni, ó ń ṣara lóore. Ṣùgbọ́n obìnrin tó bá ń wá oyún, folic acid ni àwọn oníṣègùn ń sọ pé kó máa lò, 400 microgram lójúmọ́, kó ti bẹ̀rẹ̀ kí oyún tó dé títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ méjìlá. Ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ló ń dáàbò bò, kì í ṣe oògùn ìbejì.