Tíọ́lọ́jì Elétò: Bí Ẹ̀kọ́ Ìgbàgbọ́ Kristẹni Ṣe So Kọ́ra

Tíọ́lọ́jì elétò ni ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìsìn Kristẹni tí ó ń kó gbogbo ohun tí Ìjọ gbà gbọ́ jọ, tí ó ń tò ó, tí ó sì ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun tí wọ́n sọ níbì kan bá ohun tí wọ́n sọ níbòmíràn mu. Ẹni tí ó ń ka Ìwé Àìsáyà ń tọ wòlíì kan ṣoṣo lẹ́yìn, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tíọ́lọ́jì elétò a máa béèrè ohun tí Bíbélì lódindi wí nípa Ọlọ́run, ẹ̀ṣẹ̀, ìgbàlà àti ìgbẹ̀yìn ayé, àti bí àwọn ìdáhùn náà ṣe lè jọ dúró.

Ìbéèrè tí ó wà ní ìpìlẹ̀ ni pé báwo ni ènìyàn ṣe lè mọ Ọlọ́run rárá. Ìdáhùn tí ó gbilẹ̀ jù nínú Ìjọ ni pé ènìyàn kò lè mọ̀ Ọ́n dáadáa àfi bí Òun fúnra rẹ̀ bá fi ara rẹ̀ hàn, èyí tí wọ́n ń pè ní ìfihàn. Ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò kò lórí ibi tí ìfihàn náà wà. Martin Luther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ di Bíbélì mú gẹ́gẹ́ bí àṣẹ tí ó ga ju gbogbo àṣẹ lọ, nígbà tí àpérò Ìjọ Kátólíìkì ní ìlú Trent kéde ní 1546 pé ọ̀wọ̀ kan náà tọ́ sí Ìwé Mímọ́ àti sí ẹ̀kọ́ tí àwọn Àpósítélì fi lé Ìjọ lọ́wọ́ láìkọ ọ́ sílẹ̀.

Kò sí àríyànjiyàn tí ó fi ìwúlò ẹ̀kọ́ yìí hàn tó ti Arius, àlùfáà kan ní ìlú Alẹkisáńdíríà, tí ó kọ́ni pé ẹ̀dá ni Ọmọ Ọlọ́run, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni àkọ́kọ́ tí ó sì ga jù nínú ẹ̀dá gbogbo. Kò yẹ kí a ka Arius sí ẹni tí kò mọ Bíbélì, nítorí inú Bíbélì gan-an ni ó ti ń fa ẹ̀rí rẹ̀ yọ. Athanasius, tí ó di bíṣọ́ọ̀bù ìlú náà ní 328, rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà yóò já sí: bí Ọmọ bá jẹ́ ẹ̀dá, a jẹ́ pé ẹ̀dá ni àwọn Kristẹni ń sìn, ẹ̀dá kò sì lè gba ẹ̀dá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ là. Ẹ̀kọ́ nípa irú ẹni tí Kristi jẹ́ ti wá di ẹ̀kọ́ nípa ìgbàlà. Nígbà tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù péjọ sí Nicaea ní 325, wọ́n lo ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan, homoousios, tí ó túmọ̀ sí pé ohun tí Baba jẹ́ gan-an ni Ọmọ jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kò sí nínú Bíbélì, síbẹ̀ wọ́n nílò rẹ̀ kí wọ́n tó lè dáàbò bo ohun tí Bíbélì wí.

Àwọn mìíràn fi gbogbo ayé wọn to ẹ̀kọ́ náà sínú ìwé. Thomas Aquinas kò parí Summa Theologiae tirẹ̀ kí ó tó kú ní 1274, John Calvin sì bẹ̀rẹ̀ Institutes pẹ̀lú orí mẹ́fà ní 1536, tí ó fi di ọgọ́rin orí ní 1559.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, orí ìtumọ̀ Bíbélì ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà Mẹ́talọ́kan ń sọ iye, ṣùgbọ́n ó di dandan kí olùkọ́ ṣàlàyé pé ẹni mẹ́ta nínú Ọlọ́run kan ni, kì í ṣe ọlọ́run mẹ́ta. Èṣù tí àwọn olùtumọ̀, Samuel Ajayi Crowther láàárín wọn, lò fún Sátánì ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí Èṣù inú ìṣẹ̀ṣe kì í ṣe ọ̀tá Olódùmarè. Bolaji Idowu, tí ó padà di olórí Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Nàìjíríà, gbé irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí yẹ̀ wò nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè tí ó jáde ní 1962.

Ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kò ní láti wá ìwé ńlá kiri. Kí ó mú Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ Nicaea tí ọ̀pọ̀ ìjọ ń kà ní ọjọ́ Ìsinmi, kí ó kà á ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí ó sì máa béèrè pé àṣìṣe wo ni àwọn bíṣọ́ọ̀bù ayé ìgbà náà ń fi gbólóhùn yìí dí ọ̀nà rẹ̀.