Ẹ ti ra ọkọ̀ akẹ́rù: ìwé wo ló kù?

Mo gbọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń sọ ní kíláàsì pé bí àgbàdo bá tà dáadáa, ẹ ó da owó pọ̀, ẹ ó ra ọkọ̀ akẹ́rù, kó máa ti Kétu lọ sí Kútọnu. Ó dára. Ẹrù kò wọ́n. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ akẹ́rù kì í ṣe kẹ̀kẹ́. Ẹni tó ra kẹ̀kẹ́ lánàá lè gùn ún lónìí. Ẹni tó ra ọkọ̀ akẹ́rù lánàá, tó gbé e jáde lónìí láìní ìwé, ojú ọ̀nà ni owó rẹ̀ máa ṣòfò sí.

Ẹ̀gbọ́n kan wà ní abúlé wa. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí pé òun náà ń wá sí kíláàsì. Ó ta ilẹ̀ méjì, ó ra ọkọ̀ àlòkù ní Kútọnu. Ó rò pé ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ni ọkọ̀. Ìwé ọkọ̀ ṣì wà lórúkọ ẹni tó tà á fún un. Asiráǹsì tó rà, ti ẹni tó ń kó ẹrù ara rẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ àgbàdo àwọn oníṣòwò ló ń kó. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ dojú dé, àwọn asiráǹsì ní àwọn kò san kọ́bọ̀. Àwọn tó ni àgbàdo ní kó san tiwọn. Títí di òní, ó ṣì ń san án díẹ̀díẹ̀. Kò mọ̀wé kà nígbà yẹn. Ohun tó jẹ́ kí n kọ èyí nìyẹn.

Ìbéèrè tó ṣáájú ni pé: ẹrù ta ni ẹ fẹ́ máa kó? Bó bá jẹ́ iṣu tí ẹ gbìn, tàbí sìmẹ́ńtì tí ẹ rà láti tà ní ṣọ́ọ̀bù yín, ẹrù ara yín ni. Lórí ìwé wọ́n máa ń kọ ọ́ báyìí: compte propre. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹrù ẹlòmíì ni, tó sì ń san owó ọkọ̀ fún yín, ẹ ti di transporteur nìyẹn. Iṣẹ́ yẹn ní àṣẹ tirẹ̀, ó sì ní asiráǹsì tirẹ̀. Ẹ má ṣe gba ọ̀kan kí ẹ máa ṣe èkejì. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀gbọ́n wa ti ṣìnà.

Ẹni tó bá fẹ́ kó ẹrù ẹlòmíì gbọ́dọ̀ jẹ́ oníṣòwò tí ìjọba mọ̀. Orúkọ yín á wọ ìwé àwọn oníṣòwò, tí wọ́n ń pè ní RCCM. Ẹ lè ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí ẹ bá ní ọmọ tó mọ̀ ọ́n lò. Lẹ́yìn náà, nọ́ńbà owó orí, IFU. Ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sínú ìwé yín, torí wọn ò ní yé béèrè rẹ̀.

Ìwé ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Carte grise ló ṣe pàtàkì jù. ANaTT ló ń ṣe é. Bí ẹ bá ra ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan, ẹ má sanwó tán kí ẹ tó rí i pé orúkọ tó wà lórí ìwé náà ni orúkọ ẹni tó ń tà á. Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ sí ìwé títà, kí ẹ sì lọ yí i padà sí orúkọ yín. Bí ọkọ̀ náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkun dé, ẹ béèrè ìwé owó aṣọ́bodè. Àwọn ọkọ̀ kan wà tó jẹ́ pé wọ́n kàn ń gba Benin kọjá lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn ni, a kì í lò wọ́n níbí láìsan owó yẹn. Owó tó bá pọ́ọ́kú jù, ẹ fura sí i.

Ẹ ó tún gbé ọkọ̀ lọ sí CNSR kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò: bíréèkì, iná, táyà. Ẹni tó máa wà á gbọ́dọ̀ ní permis C. Permis B tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ kékeré kò tó fún ọkọ̀ tó bá ju tọ́ọ̀nù 3,5 lọ. Bó bá fa tírélà, kí E wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ní ti asiráǹsì, òfin CIMA sọ pé kò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àfi tí ẹ bá ti sanwó. Alágbàtà tó bá ní kí ẹ máa lọ, ẹ ó san tó bá yá, kò ṣe yín lóore. Èyí tí òfin fi dandan mú yín rà, ẹni tí ọkọ̀ yín bá ṣe léṣe ló wà fún. Kì í san ẹrù tó wà lórí ọkọ̀. Ẹ béèrè ti ẹrù lọ́tọ̀.

Ìgbà tí gbogbo èyí bá pé ni ẹ ó kó ẹ̀dà wọn lọ sí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìrìnnà ilẹ̀, kí ẹ fi béèrè àṣẹ láti máa kó ẹrù gbowó. Ẹ lọ fúnra yín. Gbogbo owó tí ẹ bá san, ẹ gba rìsíìtì. Káàdì ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò wúlò, mi ò sọ pé kò wúlò, ṣùgbọ́n kì í ṣe àṣẹ ìjọba.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Lórí carte grise, ẹ ó rí PTAC: ìwúwo ọkọ̀ àti ẹrù papọ̀ tí wọ́n gbà láàyè. Ẹ ó tún rí PV: ìwúwo ọkọ̀ lófìfo. Ká ní PTAC jẹ́ kílò 26 000, PV jẹ́ kílò 11 000. Ẹ yọ kékeré kúrò nínú ńlá: ó ku 15 000. Bí àpò àgbàdo kan bá jẹ́ kílò 100, àpò 150 lẹ lè kó. Ẹni tó bá fi 40 lé e, ó ti kọjá. Láti 2005, àwọn orílẹ̀-èdè UEMOA ti jùmọ̀ ṣòfin kan: ọkọ̀ àti ẹrù rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju tọ́ọ̀nù 51 lọ, bó ti wù kí táyà rẹ̀ pọ̀ tó. Ibi tí wọ́n bá ti wọn ọkọ̀ tó bá wúwo jù, wọ́n á ní kí ẹ sanwó ìtanràn, kí ẹ sì já ẹrù sílẹ̀. Ta ló máa ṣọ́ ọ lóru?

Ìwé kan tún wà tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ kì í kà sí: lettre de voiture. Òun ni àdéhùn láàrin yín àti ẹni tó ni ẹrù. Òfin OHADA lórí èyí bẹ̀rẹ̀ ní 1 oṣù kìíní 2004, orílẹ̀-èdè 17 ló ń lò ó. Kí ẹ tó gbéra, ẹ ka àpò, ẹ wo bó ṣe rí. Bí àpò mẹ́ta bá ti ya, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀: «àpò mẹ́ta ti ya». Bí ẹ kò bá kọ ọ́, tí ẹ dé ọ̀hún, ẹ̀yin lẹ ya á. Ẹrù tó bá sọnù lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin lẹ máa san án, ṣùgbọ́n òfin fi ìdíwọ̀n sí i: kò ju 5 000 fráǹkì lọ lórí kílò kan. Ẹni tó ni ẹrù náà ní ọjọ́ 60 lẹ́yìn tó gba ẹrù láti kọ ìwé ẹ̀sùn. Bí ọdún kan bá sì ti kọjá, kò lè gbé yín lọ sí kóòtù mọ́. Nítorí náà, ẹ má fi ìwé yẹn wé àkàrà. Ẹ tọ́jú rẹ̀ fún ọdún kan ó kéré tán.

Ẹni tó bá fẹ́ ré ẹnubodè kọjá ní iṣẹ́ púpọ̀ sí i. Ní Kútọnu níbí gan-an ni àwọn orílẹ̀-èdè ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti fọwọ́ sí àdéhùn mẹ́ta ní 29 oṣù karùn-ún 1982. TIE sọ irú ọkọ̀ àti ọ̀nà tó gbọ́dọ̀ gbà. TRIE ní kí aṣọ́bodè fi èdídì di ẹrù láti èbúté, kí ẹnikẹ́ni má ṣí i títí yóò fi débi tó ń lọ. Ẹ̀kẹta ni káàdì aláwọ̀ igi ti asiráǹsì, carte brune. Bí ẹ bá kọlu ènìyàn ní Togo, òun ni kò ní jẹ́ kí ẹ sùn sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹrù Niger tó ń ti èbúté Kútọnu jáde tún ní ìpín tirẹ̀ nínú àdéhùn orílẹ̀-èdè méjèèjì: ìdá méjì nínú mẹ́ta fún ọkọ̀ Niger, ìdá kan fún ọkọ̀ Benin.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó torí ọ̀nà Malanville jẹ gbèsè, ẹ rántí 2023. Ní 26 oṣù keje ọdún náà, ológun gba ìjọba ní Niamey. Wọ́n ti ẹnubodè. Ọkọ̀ tò jọ, ẹrù ń bàjẹ́, gbèsè kò sì dúró. Ní oṣù kejì 2024, CEDEAO ní kí wọ́n ṣí i, ṣùgbọ́n Niger kò ṣí ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ fún Benin. Ní 29 oṣù kìíní 2025, Niger, Mali àti Burkina Faso kúrò nínú CEDEAO pátápátá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ wá awakọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Malanville dé, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bí ọ̀nà ti rí lóṣù yìí, kí ẹ tó kówó fún ẹni tó ń ta ọkọ̀.

Ní kíláàsì wa tó ń bọ̀, ẹni tó bá lè rí ẹ̀dà carte grise ọkọ̀ ẹnì kan, kó mú un wá. A ó jùmọ̀ wá ibi tí wọ́n kọ PTAC àti PV sí, a ó sì yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì.