Ta Ló Ń Ṣọ́ Àdúgbò Wa Lóru?

Ọ̀rọ̀ ààbò àdúgbò ni ẹgbẹ́ oníròyìn wa ní kí n kọ lé lórí ní táàmù yìí. Ká sọ tòótọ́, mo kọ́kọ́ fẹ́ sá fún un, torí mo rò pé ọ̀rọ̀ àwọn bàbá wa ni, àwọn tó máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ ìpàdé onílé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi ló jẹ́ kí n gbà.

Ẹ̀gbọ́n mi ń kọ́ iṣẹ́ fóònù títúnṣe nítòsí gáréèjì Kútò. Lálẹ́ ọjọ́ kan, iná ò sí ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá rẹ̀ ní kó gbé fóònù mẹ́rin lọ sílé kó lọ parí wọn, torí àwọn oníbàárà ń bọ̀ láàárọ̀. Nígbà tó fi máa dé ẹnu géètì àdúgbò wa, aago mọ́kànlá ti kọjá, wọ́n ti ti géètì. Ó bá gba ẹ̀yìnkùlé ilé kan wọlé, ibi tí gbogbo àwa ọmọ àdúgbò máa ń gbà tá a bá pẹ́. Ibẹ̀ ni àwọn ọdẹ méjì tó ń ṣọ́ wa ká a mọ́. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ tuntun, kò mọ̀ ọ́n rí. Wọ́n tú báàgì rẹ̀, wọ́n rí fóònù mẹ́rin. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: ọmọkùnrin, òru, ẹ̀yìnkùlé, fóònù mẹ́rin. Kí lẹ máa pè é?

"Olè!" lẹnì kan pariwo. Kí á tó ṣẹ́jú, àwọn èèyàn ti tú jáde pẹ̀lú igi. Mo gbọ́ ohùn ẹnì kan tó ń béèrè táyà. Inú yàrá ni mo wà, mi ò mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n mú. Ẹ má bínú o, mo tiẹ̀ ń sọ lọ́kàn ara mi pé ó tọ́ sí i, ẹni tí wọ́n bá ká mọ́ ibi olè, kó jẹ̀yà ẹ̀. Ìyá ẹlẹ́kọ tó ń gbé níwájú ilé wa ló tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú, tó figbe ta pé, "Ọmọ wa mà nìyí!" Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló gbà á gbọ́. Alága àwọn onílé ló wá dúró láàárín, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, ó yọ fóònù ẹ̀ jáde, ó pe àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n mú ẹ̀gbọ́n mi lọ síbẹ̀. Ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, wọ́n pe ọ̀gá rẹ̀, ilẹ̀ mọ́, ọ̀gá mú ìwé tó fi gba fóònù lọ́wọ́ àwọn oníbàárà wá, bàbá mi fọwọ́ síwèé, wọ́n jọ padà sílé. Kọ́bọ̀ ò jáde lápò wọn.

Mo bi alága léèrè lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ pé báwo ló ṣe ní nọ́ńbà àgọ́ ọlọ́pàá lórí fóònù. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìgbà yẹn ni àwọn ọlọ́pàá wá sí ìpàdé àdúgbò, wọ́n sì fi nọ́ńbà sílẹ̀. Ó ní èèyàn méje péré ló wá sí ìpàdé náà. Bàbá mi ò sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá ṣàlàyé bí nǹkan yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, torí èmi náà ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, tí gbogbo wa ń pè ní CDA, ni ìpìlẹ̀. Onílé àti ayálégbé ló wà níbẹ̀. Àwọn ló ń dá owó géètì, àwọn ló ń san owó oṣù ọdẹ. Àwọn ọdẹ yìí, tí àwọn kan ń pè ní fijilántè, kì í ṣe ọlọ́pàá. Lẹ́yìn wọn ni So-Safe wà, iyẹn ẹ̀ṣọ́ tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn dá sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Àmọ̀tẹ́kùn dé, tí àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá ṣí ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 2020. Àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn ní àgọ́ káàkiri ìlú, DPO ló ń darí àgọ́ kọ̀ọ̀kan, olú-iṣẹ́ wọn ní ìpínlẹ̀ wa sì wà ní Eléwéẹran níbí. Ìgbìmọ̀ kan tún wà tó so ọlọ́pàá àti ará ìlú pọ̀, PCRC ni wọ́n ń pè é. Ìṣẹ́ rẹ̀ ni kí wọ́n jọ máa jókòó kí nǹkan tó bàjẹ́, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti bàjẹ́ tán.

Ẹ lè ní kí ló dé tí ó pọ̀ tó báyìí. Abala 214 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 ló fà á. Ó ní ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà ní gbogbo Nàìjíríà. Nítorí náà, ọdẹ, So-Safe, Àmọ̀tẹ́kùn, gbogbo wọn lè ṣọ́ ọ̀nà, wọ́n lè mú ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ kíákíá. Kò sí èyí tó lè dá ẹjọ́ nínú wọn. Ọlọ́pàá pàápàá kò lè dá ẹjọ́. Abala 35 sọ pé tí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní kí wọ́n tó gbé ẹni tí wọ́n mú dé iwájú adájọ́. Kóòtù sì wà ní Ìsàbọ̀ níbí, kò jìnnà sí Kútò rárá.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí àwọn èèyàn bá fò ìgbésẹ̀ yẹn dá ló wà nínú ìtàn Aluu. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 2012, ní ìlú Aluu ní Ìpínlẹ̀ Rivers, èrò lù akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Port Harcourt mẹ́rin, wọ́n sì dáná sun wọ́n, torí ẹnì kan pariwo pé olè ni wọ́n. Wọn kì í ṣe olè. Ní 2017, kóòtù dájọ́ ikú fún mẹ́ta nínú àwọn tó lọ́wọ́ sí i, ọlọ́pàá sì ni ọ̀kan nínú wọn. Ìgbà tí mo ka ìtàn yìí tán, mo jókòó pẹ́ kí n tó lè kọ̀wé. Igbe kan náà ni wọ́n ké sí ẹ̀gbọ́n mi.

Ní ti àwa Ẹgbá, kì í ṣe òní la ti ń ṣọ́ ara wa. Nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó àwọn baba wa dé abẹ́ Òkúta Olúmọ ní 1830, ìlú kọ̀ọ̀kan mú ìjòyè tirẹ̀ wá: Ògbóni fún ìdájọ́, Olórógun fún ogun, Pàràkòyí fún ọ̀rọ̀ ọjà, àwọn ọdẹ sì wà fún igbó àti òru. Nígbà tí ìjọba Ẹgbá dá dúró, láti 1898 di 1914, ó ní ọlọ́pàá tirẹ̀. Ọlọ́pàá ìbílẹ̀ ṣì wà títí tí àwọn ológun fi gba ìjọba ní 1966, lẹ́yìn náà ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ìjọba àpapọ̀. Ìyá àgbà mi ní tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀, ọlọ́pàá tó bá wá mú ọ mọ orúkọ bàbá rẹ. Nísinsìnyí, wọ́n lè gbé ọlọ́pàá wá láti ibi tó jìnnà gan-an, kó tó mọ ọ̀nà Ìtòkú sí Láfẹ́nwá, wọ́n ti gbé e lọ síbòmíràn. Ohun tí ìpàdé àdúgbò fẹ́ tún ṣe nìyẹn, kí ọlọ́pàá àti ará àdúgbò mọ ojú ara wọn.

Kútò tiẹ̀ le ju ibòmíràn lọ. Ọjà wà níbí, gáréèjì wà níbí, pápá ìṣeré MKO Abiola wà níbí, gbọ̀ngàn àṣà June 12 náà wà níbí. Lójoojúmọ́ ni àlejò ń wọlé, tí wọ́n ń jáde. Ní abúlé, tí àjèjì bá kọjá, ajá á gbó, gbogbo ilé á mọ̀. Ní Kútò, ta ni àjèjì? Ajáfóònùgbà lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ Èkó. Torí náà, ọdẹ nìkan kò lè tó. Àwọn tó ń jókòó sójú kan látàárọ̀ dalẹ́ ló mọ ìgbà tí nǹkan yí padà: ìyá tó ń ta ọsàn, vọ́káníṣà, àwọn tó ń pe èrò sọ́kọ̀. Ní England, ní abúlé Mollington, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ aṣọ́-àdúgbò àkọ́kọ́ wọn ní 1982, ohun tí wọ́n ń ṣe kò ju pé kí wọ́n máa wò, kí wọ́n sì pe ọlọ́pàá. Wọn kì í gbé igi, wọn kì í lé èèyàn.

Àwa ńkọ́? Ẹ rántí oṣù kẹrin ọdún 2020, ìgbà kónílé-ó-gbélé ti kòrónà. Ariwo gba Èkó àti apá kan Ìpínlẹ̀ Ògùn, bí Ifọ̀ àti Àgbàdó, pé àwọn ọmọ One Million Boys àti Awawa ń bọ̀. Àwọn èèyàn ń sun táyà, wọ́n ń fi àdá ṣọ́ òru. Níbì kan, olè wá lóòótọ́. Níbòmíràn, àròsọ orí WhatsApp lásán ló lé gbogbo ilé jáde. Ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lálẹ́ ìgbà yẹn, Ọlọ́run ló ṣọ́ ọ.

Àmọ́ mi ò ní purọ́ fún yín pé ọ̀rọ̀ yìí rọrùn. Àwọn èèyàn kì í dédé ní àwọn ò fẹ́ rí ọlọ́pàá. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020 kan náà, gbogbo ọ̀dọ́ ló jáde torí ìwà SARS, kí ìjọba tó tú ẹ̀ka náà ká. Obìnrin kan ní àdúgbò wa sọ fún mi pé ní ibi tí òun ń gbé tẹ́lẹ̀, òun fi ẹjọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn sun, kò pé ọjọ́ méjì, àwọn ọmọ náà ti mọ orúkọ òun. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ á tún sọ̀rọ̀? Àwọn kan ní wọ́n á pe ọlọ́pàá, wọ́n á ní kí wọ́n wá owó epo ọkọ̀. Èrò tèmi ni pé ìpàdé tó yẹ ká ti sọ nǹkan wọ̀nyí lójú DPO ni a kì í lọ, ẹ̀yìn la ti máa ń kùn.

Ẹ mọ ẹ̀tọ́ yín náà o. Òfin Ọlọ́pàá tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní 2020 sọ pé wọn kò gbọdọ̀ mú èèyàn dípò ẹlòmíràn. Tí wọ́n bá ń wá ẹ̀gbọ́n rẹ, wọn ò lè mú ìwọ tàbí ìyá rẹ. Gbèsè kì í ṣe ọ̀ràn ọlọ́pàá. Béèlì sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lójijì, 112 ni kí ẹ tẹ̀, kò ń gba owó lórí fóònù. Ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ wà kẹ́ ẹ tó sọ ohun tẹ́ ẹ rí, torí ọ̀pọ̀ máa ń pariwo "ẹ gbà wá o" títí ìpè á fi já.

Àdúgbò wa ti yí nǹkan díẹ̀ padà. Wọ́n dí ẹ̀yìnkùlé yẹn. Wọ́n ní ọdẹ kan gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu géètì títí di àárọ̀, torí aláboyún àti aláìsàn, kí kọ́kọ́rọ́ má baà wà lábẹ́ ìrọ̀rí ẹnì kan tó ń sùn. Ẹni tó bá máa pẹ́ á pe nọ́ńbà ọdẹ ṣáájú. Ọdẹ tuntun tí wọ́n bá gbà, wọ́n á mú un yíká ilé kọ̀ọ̀kan kó mọ àwọn ọmọ ilé, wọ́n á sì mú un lọ fi han ọlọ́pàá. Èyí tó ká ẹ̀gbọ́n mi mọ́ wá bẹ bàbá mi. Ẹ̀gbọ́n mi ló bá a tún fóònù ẹ̀ ṣe lóṣù tó kọjá, ó gba owó lọ́wọ́ ẹ̀ o, ó ní ọ̀tọ̀ ni ìdáríjì.

Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù yìí ni ìpàdé wa tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìmọ́tótó. Bàbá mi ti ní òun ń lọ. Mo bi alága bóyá ọmọ ilé-ìwé lè wá, ó wò mí, ó ní, "Gbé àga tìẹ dání."