Makarónì Oníwàrà fún Oúnjẹ Alẹ́ Ìdílé

Bí iṣẹ́ òòjọ́ bá parí, yálà ọjà Ìpàta ni ẹ ti ń bọ̀ ni, tàbí ọ́fíìsì, tàbí ilé ẹ̀kọ́, ìbéèrè kan náà ni ó máa ń pàdé yín lẹ́nu ọ̀nà: kí ni a ó jẹ lálẹ́ òní? Nínú ọ̀pọ̀ ilé, makarónì tàbí sìpàgẹ́tì ni ìdáhùn rẹ̀, nítorí pé kì í pẹ́ jinná, àwọn ọmọ sì fẹ́ràn rẹ̀.

Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí. Ohun tí ó ń kọ àwa òṣìṣẹ́ ìlera lóminú ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, makarónì àti ata nìkan ni ó ń dé inú abọ́ ọmọ. Ọmọ náà yóò yó, yóò sì sùn, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò rí ohun tí yóò fi dàgbà. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ lálaalẹ́, ọmọ a bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, àìsàn a sì máa tètè kọlù ú. Èyí ni a ń pè ní àìjẹunrekánú, ó sì lè wà nínú ilé tí ebi kò ti pa ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ kọ́ yín ní oúnjẹ alẹ́ kan tí kò le í sè, tí a fi makarónì àti wàrà ṣe, tí a sì yan papọ̀ nínú páànù kan ṣoṣo.

ÌDÍ TÍ A FI YAN WÀRÀ

Ní àwọn ìlú òkèèrè, wọ́n a máa yan makarónì pẹ̀lú irú wàrà dídì tiwọn tí à ń pè ní ṣíìsì. Ṣíìsì yìí wọ́n lọ́dọ̀ wa, ó sì fẹ́ inú ẹ̀rọ amóhuntutù. Ṣùgbọ́n àwa ará Ìlọrin ní tiwa nítòsí. Àwọn obìnrin Fúlàní a máa gbé wàrà wá láti gáà, wọn a sì máa tà á ní ọjà àti ní àdúgbò. A máa ń jẹ ẹ́ ní tútù, a máa ń dín in, a sì máa ń fi í sínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Àwọn ará Parakou ní ilẹ̀ Benin náà ní irú rẹ̀, wagasi ni wọ́n ń pè é, wọn a sì máa fi ewé ọkà bàbà pa á láró pupa.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: wọn a gbé omi ọmú màlúù ka iná tí kò le, wọn a gún ewé àti ọ̀pá bòmubòmu, wọn a sì da omi rẹ̀ sí i. Omi ewé yìí ni í mú kí ó dì. Lẹ́yìn náà, wọn a jẹ́ kí ó hó dáadáa, wọn a sì kó o sínú agbọ̀n kéékèèké kí omi rẹ̀ lè ro.

Èròjà amúaradàgbà pọ̀ nínú wàrà, bẹ́ẹ̀ sì ni kálísíọ̀mù tí ń mú kí eegun àti eyín le. Àlìkámà tí a fi ṣe makarónì náà ní díẹ̀ nínú èròjà amúaradàgbà, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kò pé. Ohun tí ó kù nínú rẹ̀ sì wà nínú wàrà. Bí a bá jẹ àwọn méjèèjì papọ̀, èkíní a máa dí àlàfo èkejì.

Ìdí kan tún wà tí ó ṣe pàtàkì. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, ẹran tí ó tóbi jù lọ ti baba ni. Ọmọ a máa gba èyí tí ó kéré jù, tàbí kí ó máà gbà rárá. Àwọn àgbà kan tilẹ̀ máa ń sọ pé ọmọ tí ó bá ń jẹ ẹyin tàbí ẹran yóò di olè. A bọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí pé ara ọmọdé ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ, bí ilé tí a kò tí ì kan òrùlé rẹ̀. Òun gan-an ni ó nílò èròjà yìí jù. Nínú oúnjẹ tí a ń sọ yìí, wàrà àti ẹyin ti dàpọ̀ mọ́ makarónì káàkiri. Ibi tí ẹ bá gé fún ọmọ, wàrà wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò ṣa tirẹ̀ kúrò.

OHUN ÈLÒ FÚN ÈNÌYÀN MẸ́FÀ

Makarónì, ọ̀rá kan tí ó jẹ́ 500 gíráàmù
Wàrà, èyí tí ó kún abọ́ ìjẹun kan
Ẹyin 2
Mílíìkì olómi tí kò ní ṣúgà, ìdajì ife
Tòmátì 5, tàtàṣé 2, ata rodo 1, àlùbọ́sà 2
Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ, ẹ̀kúnwọ́ 2, kí a fọ̀ ọ́, kí a sì rẹ́ ẹ
Epo pupa tàbí òróró, ṣíbí ìjẹun 3
Iyọ̀ tí a fi áyódíìnì sí, ṣíbí tíì 1

Bí ẹ bá ní ẹja gbígbẹ tàbí edé, ẹ lè fi díẹ̀ sí i. Ẹ má ṣe fi mágí tí ó pọ̀ sí i, nítorí iyọ̀ ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, kò sì dára fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru.

BÍ A Ṣe Ń SÈ É

1. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ yín. Ẹ gbé wàrà sínú omi tí ó ń hó, kí ó sì hó fún iṣẹ́jú 10. Ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ gé ìdajì rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, kí ẹ sì fi ọwọ́ mímọ́ rún ìdajì kejì.

2. Ẹ bọ makarónì nínú omi oníyọ̀ díẹ̀ fún iṣẹ́jú 7 tàbí 8. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó rọ̀ tán, nítorí yóò tún jinná sí i nígbà tí a bá ń yan án. Ẹ bu ife omi rẹ̀ kan pamọ́, kí ẹ sì sẹ́ ìyókù.

3. Nígbà tí makarónì wà lórí iná, ẹ lọ tòmátì, tàtàṣé, ata àti àlùbọ́sà kan. Ẹ rẹ́ àlùbọ́sà kejì, ẹ dín in nínú epo, kí ẹ sì da ata lílọ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kí ó sè fún iṣẹ́jú 15, kí kíkan tòmátì lè lọ. Ẹ fi iyọ̀ sí i, kí ẹ sì da ẹ̀fọ́ sí i ní ìgbẹ̀yìn.

4. Ẹ da makarónì àti wàrà tí a gé sínú ọbẹ̀ náà, kí ẹ pò ó pọ̀. Bí ó bá gbẹ jù, ẹ fi díẹ̀ nínú omi tí ẹ bù pamọ́ sí i.

5. Ẹ fi epo pa inú páànù, kí ẹ sì da makarónì náà sí i. Ẹ po ẹyin mọ́ mílíìkì, ẹ dà á sórí rẹ̀ káàkiri, kí ẹ wá wọ́n wàrà tí a rún sí orí gbogbo rẹ̀.

6. Ẹ yan án fún nǹkan bí iṣẹ́jú 25, títí ẹyin yóò fi dì tán, tí orí rẹ̀ yóò sì pọ́n bí àkàrà.

Ẹ kíyè sí i pé wàrà tiwa kì í yọ́ bí ṣíìsì òkèèrè. Bí ó ti wù kí iná pọ̀ tó, kì í fà. Ẹ má ṣe rò pé ẹ ti ṣì í sè. Ẹyin àti mílíìkì ni a fi so oúnjẹ náà pọ̀, kí ó lè ṣeé gé. Iṣẹ́ wàrà ni pé kí ó pọ́n lókè, kí ó sì rọ̀ nínú.

BÍ KÒ BÁ SÍ ÀÀRÒ ÌGBÀLÓDÉ

Ẹni tí ó bá ní ààrò oníná tàbí onígáàsì, kí ó fi í sí ìwọ̀n 180. Ẹni tí kò bá ní, kò pàdánù ohunkóhun. Ẹ da yanrìn gbígbẹ tí ó mọ́ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò irin ńlá, kí ó nípọn tó ìka méjì. Ẹ dé e, ẹ gbé e ka iná fún iṣẹ́jú 10 kí yanrìn náà lè gbóná. Ẹ wá gbé páànù sórí yanrìn, ẹ dé ìkòkò náà, kí ẹ sì kó ẹ̀yinná díẹ̀ sórí ìdérí rẹ̀ kí òkè oúnjẹ lè pọ́n. Ìta gbangba tàbí abẹ́ ahéré ni kí ẹ ti ṣe èyí. Ẹ má ṣe dá iná èédú nínú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀. Èéfín rẹ̀ tí kò ní òórùn lè pa odindi ìdílé lójú oorun.

ÌKÌLỌ̀ LÓRÍ WÀRÀ

Wàrà tí a ṣe dáadáa ti hó lórí iná. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ó bá ti kúrò lórí iná, ọwọ́ tí kò mọ́, omi tí kò mọ́ àti eṣinṣin lè kó kòkòrò àìfojúrí bá a. Ìdí nìyí tí a fi ní kí ẹ tún un bọ̀ nílé. Omi ọmú màlúù tí a kò sè lè fúnni ní ikọ́ ife, ó sì lè fúnni ní àrùn brucellosis. Àrùn yìí a máa mú ibà tí ń lọ tí ń bọ̀ wá, a máa mú kí oríkèé ara roni, ọ̀pọ̀ a sì máa rò pé ibà ẹ̀fọn lásán ni. Kí aláboyún ṣọ́ra gidigidi, nítorí ó lè ba oyún jẹ́.

Ẹ ra wàrà ní òwúrọ̀, lọ́wọ́ ẹni tí ó bo ọjà rẹ̀. Bí ó bá ń yọ̀ lọ́wọ́, tí òórùn rẹ̀ kan, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà, ẹ má ṣe rà á. Bí ẹ kò bá ní ẹ̀rọ amóhuntutù, ọjọ́ tí ẹ bá rà á ni kí ẹ sè é. Ẹni tí wàrà màlúù kò bá bá lára mu lè lo wàrà sóyà. Òun náà ní èròjà amúaradàgbà púpọ̀. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi omi ẹ̀wà sóyà dípò mílíìkì.

Bí oúnjẹ bá ṣẹ́kù, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ lórí tábìlì ju wákàtí 2 lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi èyí kún àwọn ìlànà márùn-ún lórí ìmọ́tótó oúnjẹ tí ó gbé jáde ní ọdún 2001. Bí ẹ bá fẹ́ jẹ ìyókù, ẹ gbé e kaná títí yóò fi gbóná dé inú.

FÚN ÀWỌN ỌMỌ KÉKERÉ

Ọmọ tí kò tí ì pé oṣù 6, ọmú ìyá nìkan ni oúnjẹ rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù 6, ẹ lè bu díẹ̀ nínú makarónì àti wàrà náà sọ́tọ̀ kí ẹ tó fi ata àti iyọ̀ sí i, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi kúnná, kí ẹ sì máa fún un ní ọmú lọ. Bí ara rẹ̀ bá sú tàbí tí ó bá ń bì lẹ́yìn tí ó jẹ ẹyin tàbí wàrà, ẹ dá a dúró, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Fún ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 5, ẹ gé wàrà sí wẹ́wẹ́ kí ó má baà há a lọ́fun.

Ẹ̀yin ìyá àti baba, ẹ dán oúnjẹ yìí wò ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ yìí. Kò gbà ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ, àwọn ọmọ tí wọ́n ti dàgbà díẹ̀ sì lè máa bá yín já ẹ̀fọ́. Kí ẹ tó pín in, ẹ kọ́kọ́ gé ti àwọn ọmọdé. Bí ọjọ́ ìwọ̀n ọmọ bá sì pé ní ilé ìlera tí ó súnmọ́ yín, ẹ gbé wọn lọ, kí ẹ wo ìlà inú káàdì wọn. Bí ìlà náà bá ń gòkè, ẹ mọ̀ pé oúnjẹ yín ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá dúró sójú kan, tàbí tí ó ń sọ̀kalẹ̀, ẹ má ṣe dúró di oṣù tí ń bọ̀. Ẹ bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.