Kantíkantí Ewé Óákù ní Woolwich àti Thamesmead: Ọ̀ràn Orúkọ

Bí òǹkàwé bá wọ igbó Oxleas ní Shooters Hill, ní gúúsù Woolwich, tàbí igbó Lesnes Abbey tó wà ní gúúsù Thamesmead, láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án, kí ó wo ewé igi óákù dáadáa. Ewé náà ní ọwọ́-ọwọ́ bí ìka. Níbi tí ṣóńṣó ọwọ́ kan bá ti ṣẹ́ po sí abẹ́, bí ìgbà tí aránṣọ bá ṣẹ́ etí aṣọ po, tí ibẹ̀ sì nípọn, ó ṣeé ṣe kí ọmọ kantíkantí kan ti gbé ibẹ̀. Macrodiplosis pustularis ni àwọn onímọ̀ ń pè é.

Ní ìgbà ìrúwé ni abo rẹ̀ ń yé ẹyin sí ewé tí kò tíì le. Bí ìdin ti ń jẹun, ewé fúnra rẹ̀ ni ó ń dàgbà bò ó mọ́lẹ̀: oúnjẹ nìyẹn, òrùlé nìyẹn. Bí ó bá yó tán, yóò já bọ́ sílẹ̀, yóò wọnú erùpẹ̀, ibẹ̀ ni yóò sì ti lo ìgbà òtútù kí ó tó hu ìyẹ́. Ìbátan rẹ̀, M. roboris, ń gbé lórí igi kan náà, ṣùgbọ́n etí ewé tó wà láàárín ọwọ́ méjì ni òun ń ká, òkè ni ó sì ń ká a sí.

Wíwú náà ni orúkọ rẹ̀ nira. Ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún un kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń lò fún òróòro. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbára lé ìwé atúmọ̀ yóò kọ “kantíkantí òróòro”, kò sì ní yé ẹnikẹ́ni. Àwọn mìíràn a máa pè é ní àrùn ewé. Èyí burú jù, nítorí ohun tí a bá pè ní àrùn, oògùn ni a óò wá fún un, bẹ́ẹ̀ wíwú yìí kì í pa igi óákù lára. Ti ìbátan rẹ̀ kan ní ilé yàtọ̀: Orseolia oryzivora, tí Harris àti Gagné fún lórúkọ ní ọdún 1982, ń sọ ọ̀mùnú ìrẹsì di ọ̀pá oníhò tó dà bí ewé àlùbọ́sà, ọ̀mùnú bẹ́ẹ̀ kì í sì í so. Bí àgbẹ̀ bá pe ìyẹn ní àrùn, kì í ṣe àsọdùn.

Ní tèmi, “kókó ewé” ni ó yẹ wíwú náà, nítorí kókó ni a ti ń pe ohun tó bá wú lára igi àti lára ènìyàn. Ohùn ni yóò yà á sọ́tọ̀ sí kòkó tí à ń gbìn. Kòkòrò kìn-ín-ní lè jẹ́ kantíkantí aṣẹ́wépo, kí èkejì jẹ́ kantíkantí akáwé. Kí olùkọ́ sáà ṣọ́ àmì ohùn, kí akáwé má baà di akàwé.