Owó Náírà: Ohun Tó Yẹ Kí Oníṣòwò Ògùnpa Mọ̀

Pọ́n-ùn ni a ń ná kí náírà tó dé ní 1 Oṣù Kìn-ín-ní, 1973, tí pọ́n-ùn kan sì di ₦2.

Ọdún tí àwọn owó náírà jáde: ₦20 (Múrí), 11 Oṣù Kejì, 1977, ₦50 (Wàsóbíà), 1991, ₦100, Oṣù Kejìlá, 1999, ₦200, 2000, ₦500, 2001, ₦1000, Oṣù Kẹwàá, 2005. ₦20 di owó ọ̀rá ní 2007, ₦5, ₦10 àti ₦50 tẹ̀lé e ní 2009.

Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tó ṣe ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn láti Ìbàdàn níbí, ló wà lójú ₦100. Àpáta Zuma wà lẹ́yìn èyí àkọ́kọ́. Èyí tí wọ́n ṣe ní 2014 fún ọgọ́rùn-ún ọdún Nàìjíríà yàtọ̀, ṣùgbọ́n méjèèjì ni ẹ lè ná.

Bí ẹ ṣe máa mọ ayédèrú: Ọjà ìrọ̀lẹ́ ni ẹ ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù, nígbà tí ilẹ̀ ti ń ṣú tí oníbàárà sì ń kánjú. Ẹ má gba owó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láì ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi àtàǹpàkò pa ojú àwòrán àti nọ́ńbà owó náà. Ti owó bébà gidi a máa le gbágbá lábẹ́ ọwọ́, ayédèrú a máa yọ̀ bíi bébà lásán. Ẹ gbé e sókè síbi iná: okùn ààbò á hàn nínú bébà náà, òjìji ojú èèyàn á sì hàn. Lórí ₦1000 aláwọ̀ búráùn, ẹ fi èékánná họ ibi wúrà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbuwọ́lù: tó bá bó, ẹ dá a padà. Lábẹ́ iná tí báńkì fi ń yẹ owó wò, nọ́ńbà dúdú a máa di àwọ̀ ewé. Ẹ wọ̀n ọ́n pẹ̀lú: láti ₦100 dé ₦1000, mìlímítà 151 sí 78, owó ọ̀rá, 130 sí 72.

Tuntun àti àtijọ́: ₦200, ₦500 àti ₦1000 tuntun bọ́ sójú ọjà ní 15 Oṣù Kejìlá, 2022. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ pàṣẹ ní 29 Oṣù Kọkànlá, 2023 pé kí a máa ná àtijọ́ lọ pẹ̀lú tuntun, láì dá ọjọ́ tí yóò dópin. Ẹ má kọ owó àtijọ́ lọ́wọ́ oníbàárà.

Òfin: òfin báńkì àpapọ̀ ti 2007 fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ó kéré tán, tàbí owó ìtanràn ₦50,000 ó kéré tán, tàbí méjèèjì, lé ẹni tó bá ń ná owó lé olórin lórí tàbí tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fún olórin lówó, àpòòwé ló dára jù. Bẹ́ẹ̀ ni owó náà yóò ṣe ẹni tí a fún láǹfààní.

Ìtọ́jú: ẹ má fi bíìrò kọ ọ́, ẹ má rún un sí etí ìró. Ẹni tó ní kóló, kó máa tú u yẹ̀ wò látìgbàdégbà. Ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bá sún mọ́ odò, kó gbé owó sókè: omíyalé 31 Oṣù Kẹjọ, 1980 gba ibí kọjá. Owó ọ̀rá fara da omi, ṣùgbọ́n ẹ má fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Èyí tó bá ya tàbí tó jó, ẹ gbé e lọ sí báńkì.