Ẹ̀rọ Tó Mọ Ìgbà Tó Yẹ Kó Dúró: Bí Ẹ Ṣe Lè Yan DA Àkọ́kọ́ Yín fún Dídán Ọkọ̀

Ẹ wá ọkọ̀ dúdú kan tó ti pẹ́ díẹ̀ lójú títì, ẹ gbé e sínú oòrùn ọ̀sán, kí ẹ wá wo ibi tí oòrùn ti ń tàn padà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ẹ máa rí àwọn ìlà wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ tó yí ìmọ́lẹ̀ yẹn ká bíi òwú aláǹtakùn. Ẹ sún sí òsì, òbíríkítí náà á tẹ̀lé yín. Ẹ sún sí ọ̀tún, á tún tẹ̀lé yín. Ṣé ìlà tó wà lójú kan lè máa rìn ni?

Rárá o. Àwọn ìlà yẹn kì í ṣe òbíríkítí rárá. Gbogbo ọ̀nà ni wọ́n dojú kọ, wọ́n kàn lọ jágbajàgba ni. Àmọ́ kìkì ìlà tó bá dábùú ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ gbà wá ló lè da ìmọ́lẹ̀ náà padà sí yín lójú. Èyí tó bá dojú kọ ibòmíràn ń da tirẹ̀ síbẹ̀, ẹ ò sì ní rí i. Bí gbogbo èyí tó dábùú bá wá yí ìmọ́lẹ̀ kan ká, òbíríkítí ló máa jọ lójú yín. Ẹ wo ìkòkò irin tí wọ́n ti fi kànrìnkàn irin fọ̀ fún ọdún mélòó kan, ẹ gbé e sábẹ́ gílóòbù. Ohun kan náà lẹ máa rí.

Níbo làwọn ìlà yìí ti wá? Ọwọ́ wa náà ni. Ọyẹ́ á kó eruku bo ọkọ̀, àwa á mú aṣọ gbígbẹ, a ó nù ún. Níbi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀ lẹ́bàá títì, ìgbà míì wà tó jẹ́ pé tówẹ̀lì tí wọ́n fi fọ táyà náà ni wọ́n fi ń fọ òrùlé, iyanrìn sì ti wà nísàlẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì. Iyanrìn le ju ọ̀dà lọ. Ibi tó bá gbà kọjá, á fi àmì sílẹ̀ ni.

Ẹ̀rọ tó ń mú àmì yìí kúrò ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra àkọ́kọ́.

Ohun tí ẹ fẹ́ gé kò nípọn

Kí ẹ tó náwó, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ̀rọ náà máa gé. Ìpele-ìpele ni ọ̀dà ọkọ̀ òde òní. Lórí irin, a ní ìpele tí kì í jẹ́ kó dógùn-ún, primer tẹ̀lé e, àwọ̀ fúnra rẹ̀ tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni clear coat tó mọ́ gaara bíi gíláàsì. Clear coat yìí ló ń dán tí ẹ̀ ń rí. Òun náà ló ń dáàbò bo àwọ̀ tó wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn.

Ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ṣì wọ ọ̀dà ilé iṣẹ́, gbogbo ìpele yìí lápapọ̀ sábà máa ń wà láàárín 100 sí 150 máíkírọ̀nù. Clear coat nìkan sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi 35 sí 50. Irun orí ẹyọ kan tó nǹkan bíi 70. Ìyẹn ni pé ohun tí ẹ fẹ́ gbé ẹ̀rọ lé lórí tín-ín-rín ju irun orí yín lọ.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ńṣe ni kọ́ńpáùn ń "dí" ìlà. Páàdì àti kọ́ńpáùn ń gé ojú clear coat díẹ̀díẹ̀ ni, títí tó fi máa tẹ́jú dé ìsàlẹ̀ ìlà náà. Ó dà bí owó tó wà ní báńkì tí kò sẹ́ni tó máa fi kún un mọ́. Ẹ lè yọ díẹ̀ lónìí, kí ẹ yọ díẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ọjọ́ tó bá tán, oòrùn á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ̀dà náà, á ṣì, á máa bó, ọ̀dọ̀ pẹ́ńtà ló sì kù. Ìdí nìyẹn tí ìlà tí èékánná yín bá ti ń kọ́ kì í fi í ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ mọ́. Ó ti jinlẹ̀ jù. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Rotary àti DA: ìyàtọ̀ wà nínú yíyí

Rotary ń yí lójú kan ṣoṣo, bíi fáànù. Ká sọ pé páàdì rẹ̀ fẹ̀ tó 150 mìlímítà, ó sì ń yí ní ìgbà 1,500 ní ìṣẹ́jú kan. Àárín páàdì náà ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rìn rárá, àmọ́ etí rẹ̀ ń rin nǹkan bíi mítà 12 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra àtẹ́lẹwọ́ kíákíá, ṣebí ó ń gbóná? Ooru yẹn náà ló ń kóra jọ lábẹ́ etí páàdì. Irin lè gbé díẹ̀ nínú ooru náà lọ síbòmíràn. Bọ́ńpà oníke ò lè tètè ṣe bẹ́ẹ̀, torí náà òun ló máa ń tètè jó.

DA, ìyẹn dual action, ń ṣe nǹkan méjì pọ̀. Ẹ rántí ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé: ayé ń yí lórí ara rẹ̀, ó sì tún ń yí oòrùn ká. Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Mọ́tò kò gbá àárín àwo tó gbé páàdì mú. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, àwo náà sì ń rìn yíká ní òbíríkítí kékeré kan. Ní àkókò kan náà, ó tún ń yí lórí ara rẹ̀, àmọ́ bèárìn ló gbé ìyẹn. Kò sí gíà tó ń fipá yí i.

Fífẹ̀ òbíríkítí kékeré yẹn ni wọ́n ń pè ní throw. Bí throw bá jẹ́ 15 mìlímítà, tí ẹ̀rọ sì ń yí i ká ní ìgbà 4,000 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ fi π ṣírò rẹ̀: nǹkan bíi mítà 3 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti 8 mìlímítà ò tiẹ̀ pé mítà 2. Yíyí lórí ara rẹ̀ á fi díẹ̀ kún un létí páàdì, àmọ́ ẹ fi wé mítà 12 ti rotary. Ohun tó tún wá dára ni pé àárín páàdì DA ń ṣiṣẹ́ bí etí rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ooru kì í rọ́ jọ sójú kan.

Ibi tó wù mí jù nínú ẹ̀rọ yìí rèé. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jù, tàbí tí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí tí ẹ dé ibi tí ara ọkọ̀ ti tẹ̀, yíyí lórí ara rẹ̀ á dúró. Á kàn máa gbọ̀n lójú kan, kò sì ní gé nǹkan gidi. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ pé àìlágbára ni. Lójú tèmi, fíúsì ni. Fíúsì tó já kò ṣe yín níbi. Ohun tó máa jó nínú ilé ló gbà sílẹ̀.

Ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa tó fẹ́ fi iṣẹ́ yìí jẹun bi mí léèrè lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, owó tí mo tọ́jú ò lè ra ju ẹ̀rọ kan lọ. Wọ́n ní rotary ló ń yára." Mo ní òótọ́ ni, ó ń yára. Mo wá bi í pé, "Ọkọ̀ ta lo máa fi kọ́ ọ?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì dákẹ́. Ọkọ̀ oníbàárà ni, kí ló tún kù? Owó tí pẹ́ńtà máa gbà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo lè gbé èrè ọkọ̀ bíi mélòó kan lọ, orúkọ tó bàjẹ́ ládùúgbò sì tún wà lọ́tọ̀. Èèyàn lè kọ́ rotary tó bá yá, àwọn ọ̀gá tó mọ̀ ọ́n lò ń fi í ṣe iṣẹ́ ńlá. Kó má kàn jẹ́ òun lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀.

8, 15 àbí 21?

Throw 8 mìlímítà rọrùn láti darí, ó sì dára níbi tóóró àti lórí ibi tó tẹ̀. Porter-Cable 7424XP tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà, 8 ni tirẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ó lọ́ra. Bí ìlà bá pọ̀, apá á ro yín.

Throw 21, bíi ti Rupes LHR21 ti Ítálì, ń jẹ ilẹ̀ gan-an lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì gbọọrọ àti òrùlé jíìpù. Àmọ́ lórí ibi tó tẹ̀, ó máa ń tètè dúró, páàdì rẹ̀ sì tóbi jù fún ẹ̀gbẹ́ iná àti àyíká ọwọ́ ilẹ̀kùn.

Throw 15 wà láàárín. Rupes ní LHR15, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn náà sì ti ń ṣe oní-15. Bí ẹ bá ní kí n mú ẹyọ kan, oní-15 tó ń lo àwo 125 mìlímítà ni mo máa mú. Ó lè ṣe ilẹ̀kùn, ó lè ṣe bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ ò sì ní tètè ro yín.

Irú kan tún wà tí gíà ń fipá yí lórí ara rẹ̀, bíi Flex XC 3401 ti Jámánì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wù yín, kò ní tètè dúró. Ẹ̀rọ tó dáa ni, ó ń gé dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ ti rí i pé wọ́n ti yọ fíúsì yẹn kúrò nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹ̀rọ yín kejì.

Ọ̀rọ̀ iná

Ẹ yí ẹ̀rọ náà padà, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Iná tiwa ní Nàìjíríà jẹ́ nǹkan bíi 230 fóltì, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120. Bí ẹ bá rí DA tòkúnbọ̀ tó pọ́ọ́kú, ó lè jẹ́ pé oní-120 ni. Ẹ kì í bọ sókẹ́ẹ̀tì wa tààrà, mọ́tò á jó. Ó nílò tiransifọ́mà tó ń sọ iná kalẹ̀, tí agbára rẹ̀ sì ju ti ẹ̀rọ lọ, owó tiransifọ́mà náà sì lè jẹ gbogbo ohun tí ẹ rò pé ẹ fi pamọ́.

Ẹ wo wọ́ọ̀tì náà. DA sábà máa ń jẹ 500 sí 900 wọ́ọ̀tì. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour" sábà máa ń gbé nǹkan bíi 650 láìdáwọ́ dúró. Ẹ̀rọ 900 lórí irú jẹnẹrétọ̀ yẹn? Ó máa kú mọ́ yín lọ́wọ́ ni. Wọ́ọ̀tì ńlá kò sì túmọ̀ sí pé ó ń gé jù. 500 wọ́ọ̀tì péré ni LHR15.

Ẹ tún béèrè bóyá ẹ lè rí àwo rẹ̀ àti kábọ́ọ̀nù mọ́tò rẹ̀ rà lọ́tọ̀, torí àwọn méjèèjì máa ń jẹ. Kí ẹ gbé e lọ́wọ́ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún nínú ṣọ́ọ̀bù. Bó bá ti ń ro yín níbẹ̀, báwo lẹ ṣe fẹ́ fi í ṣe odindi ọkọ̀?

Ẹ má ná gbogbo owó sórí ẹ̀rọ

Ẹ fi owó sílẹ̀ fún páàdì fóòmù mélòó kan, aṣọ microfibre tó mọ́, tépù tí àwọn pẹ́ńtà ń lò, àti iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa. Tí gbogbo rẹ̀ bá ti pé, ẹ wá ibi ìdúró tí oòrùn ò dé, kí ẹ fọ ọkọ̀ náà mọ́ tónítóní, kí ẹ sì fi tépù bo etí àwọn irin, torí ibẹ̀ ni clear coat ti máa ń fẹ́lẹ́ jù.

Ẹ yan ojú kan tó fẹ̀ tó nǹkan bíi 50 sẹ̀ǹtímítà níbùú lóròó, kí ẹ dán an wò níbẹ̀. Páàdì tó rọ̀ jù àti kọ́ńpáùn tó wẹ́ jù ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Bó bá ti ṣe iṣẹ́, ó parí, kò sídìí láti lo èyí tó le. Ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ìrìn kan máa gun ìdajì èkejì. Ẹ fi máákà fa ìlà kan sí etí àwo náà. Tí ìlà yẹn bá ń yí, iṣẹ́ ń lọ. Tó bá dúró, ẹ dín agbára ọwọ́ yín kù. Ẹ máa fi ọwọ́ kan irin náà látìgbàdégbà. Bó bá ti gbóná débi tí ọwọ́ ò gbà á, ẹ sinmi. DA náà lè ba ọ̀dà jẹ́ o, àgàgà létí àti lórí ike. Ó kàn máa ń fún yín láyè láti tètè rí i ni.

Bí wọ́n bá sì ti tún ọkọ̀ náà kùn rí, ojú lásán ò lè sọ bí ọ̀dà rẹ̀ ṣe nípọn tó. Ẹ ṣe é wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ẹ má sì ṣèlérí fún oníbàárà pé gbogbo ìlà ló máa lọ.

Èyí tó kẹ́yìn ò ní ná yín lówó púpọ̀: bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì, ọ̀kan fún ọṣẹ, ọ̀kan fún fífọ iyanrìn kúrò lára aṣọ, àti tówẹ̀lì tí kò dé ara táyà rí. Tí ẹ bá dán ọkọ̀ tán, tí ẹ tún padà sídìí tówẹ̀lì onítáyà, ìlà á padà wá, ẹ ó sì tún lọ yọ nínú owó báńkì tí kò sẹ́ni tó ń fi kún yẹn.